Ẹjọ́ Tí A Pe Atíẹ̀kẹ́ Lórí Inú Rírun

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí yín láti ìhín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dókítà ní n kò tíì gbọdọ̀ fi ikùn lélẹ̀. Ẹ bá mi gbà á bí ẹni pé mo ti ṣe é. Bàbá mi, ẹ kú ìjókòó ti rédíò. Àǹtí Bọ́lá, ẹ kú ìtọ́jú àwọn méjèèjì. Ẹ̀yin ará àdúgbò tí ẹ ó ka lẹ́tà yìí tán kí àwọn tí a kọ ọ́ sí tó rí i, mo kí ẹ̀yin náà, ẹ kú àmójútó.

Ẹ jọ̀wọ́, kí gbogbo yín wá ibì kan jókòó sí, nítorí ìròyìn tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí à ń gbọ́ lórí ìdúró. Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ọpẹ́ fún Ọlọ́run, ni mo fi ń kéde ìpapòdà ṣòkòtò mi, èyí aláwọ̀ eérú, tí Bàbá rà fún mi nígbà tí mo jáde ní Pólì. Ó papòdà ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, ní ọsibítù kan nínú ìlú Abidjan yìí, lábẹ́ àlùmọ́gàjí nọ́ọ̀sì kan tí kò ní sùúrù kí n tú bẹ́líìtì. Nígbà ayé rẹ̀, ó lọ sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ intafíù, kò sì rí iṣẹ́ kankan. Ó fi bẹ́líìtì kan àti ṣẹ́ẹ̀tì méjì sáyé lọ.

Ẹ ti gbọ́ lẹ́nu Àǹtí Bọ́lá pé wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, pé ara mi sì ti yá. Ohun tí ẹ kò tíì gbọ́ ni bí mo ṣe dé orí bẹ́ẹ̀dì yẹn, àti bó ṣe ku díẹ̀ kí n má dé ibẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ẹnu Àǹtí Bọ́lá dà bí ọ̀nà márosẹ̀: ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀. Èmi náà gbọ́ tiyín, Màmá. Wọ́n ní láti ìgbà ọyẹ́ ni ẹ ti máa ń fi ọwọ́ tẹ abẹ́ àyà tí ẹ bá ti jẹun, pé oúnjẹ ń ṣẹ́kù nínú àwo yín, pé ìró tí ó máa ń yí yín ká lẹ́ẹ̀kan ààbọ̀ ti ń yí yín ká lẹ́ẹ̀mejì báyìí. Wọ́n ní tí àwọn bá ti dárúkọ ọsibítù, ẹ ó ní afẹ́fẹ́ lásán ni, ẹ ó sì gbé ọ̀rọ̀ lọ sórí owó tọ̀màtì.

Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ èyí síta. Lẹ́tà tí mo bá kọ sí yín nìkan, abẹ́ ìrọ̀rí ni yóò sùn. Èyí tí gbogbo àdúgbò bá kà, àwọn ni yóò máa dá yín dúró lọ́nà pé Ìyá Débọ̀, ìgbà wo lẹ ń lọ? Ẹ máa bínú sí mi. Ẹ kọ́kọ́ lọ ná, kí ẹ padà wá bínú.

Ìgbé ayé ibí kò burú. Iná mànàmáná tí mo kọ́ ní Pólì ló ń bọ́ mi. Mò ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Siporex. Lójoojúmọ́ ni mò ń wọ gbákà, bọ́ọ̀sì kékeré tí wọ́n ń kó wa sí bí ìgbà tí wọ́n bá ń to búrẹ́dì, kọjá orí omi ọ̀sà lọ síbi iṣẹ́. Tí ooru bá mú, àwọn oníbàárà á máa pè mí bí ẹni pé ọmọ wọn ni mí. Tí òjò bá dé, òjò ibí tí í bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ tí kì í rántí dá títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kò sí ẹni tó rántí orúkọ mi, nítorí Ọlọ́run ń pín atẹ́gùn tútù lọ́fẹ̀ẹ́. Mò ń jẹun, mò ń san owó ilé, mo sì ń rí díẹ̀ fi ránṣẹ́. Ọpẹ́ ni.

Àdúgbò Anoumabo ni mò ń gbé, nínú àgbàlá kan tí àwọn yàrá rẹ̀ dojú kọ ara wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn kò lè húkọ́ ní kọ̀rọ̀. Àwa Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Ànàgó níbí, pọ̀ níbẹ̀. Bàbá Mufu ni olórí wa. Ọmọ ìlú wa ni wọ́n, wọ́n ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, wọ́n sì ti wà ní ìlú yìí kí wọ́n tó kọ́ òmíràn nínú àwọn afárá rẹ̀. Síbẹ̀, èrò rẹpẹtẹ kì í lé ìdáwà. Ọjọ́ Àìkú ni tèmi máa ń dé, tí Faransé bá yá lẹ́nu gbogbo èèyàn ju bí mo ṣe lè sáré tẹ̀ lé e lọ, tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín tí èmi náà rẹ́rìn-ín, tí mo wá ń bẹ̀rù kí wọ́n má bi mí pé kí ló pa mí lẹ́rìn-ín.

Àṣà kan wà ní àgbàlá wa tí ẹ kò mọ̀ nílé. Tí ara Ànàgó kan kò bá yá, a kì í bi í pé ibo ló ń dùn ún. Kí ló jẹ la máa ń bi í. Ìdáhùn kan ṣoṣo ló sì wà, atíẹ̀kẹ́. Ẹ̀gẹ́ ni, wọ́n rin ín, wọ́n fi ooru sè é, ó wá rí bí gàrí tí omi ti bà díẹ̀. Wọ́n ń fi ẹja díndín, àlùbọ́sà àti ata jẹ ẹ́. Gbogbo wa là ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n oúnjẹ onílẹ̀ ni, àwa sì jẹ́ àlejò, àlejò sì gbọ́dọ̀ rí nǹkan di ẹ̀bi rù. Láti ìgbà tí mo ti dé, atíẹ̀kẹ́ ti jẹ̀bi ibà, ó ti jẹ̀bi ẹ̀fọ́rí àti ikọ́, ó sì tún jẹ̀bi ìka ẹsẹ̀ tí Bàbá Mufu fi gbá òkúta.

Ọjọ́bọ̀ ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run mí, láàárín ìdodo gan-an. Kò le. Ó dà bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn tí kò dá a lójú pé ilé tí òun ń wá nìyí. Oúnjẹ kò wù mí. Ó yẹ kí n ti fura níbẹ̀, nítorí ẹ̀yin tí ẹ bí mi mọ̀ pé mo ti jẹ àjẹyó níbi ìsìnkú ẹni tí n kò mọ̀ rí.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, àgbàlá jókòó lórí ọ̀rọ̀ mi. Bàbá Mufu bi mí pé kí ni mo jẹ. Mo ní atíẹ̀kẹ́. Gbogbo wọn mi orí. Wọ́n ní ta ló tà á fún mi. Mo ní Tántì Àjúà ni, ìyá tó ń tà á lẹ́nu ọ̀nà àgbàlá wa. Wọ́n tún mi orí. Ẹnì kan ní kí n po omi iyọ̀ mu. Ẹnì kejì ní kí wọ́n fi òróró gbóná fún ikùn mi dáadáa. Risi, ọmọ Ànàgó tí wọ́n bí síbí, tó ń gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé Faransé ló fi ń dáni lóhùn, bi wọ́n pé láti ìgbà wo ni atíẹ̀kẹ́ ti ń pa èèyàn, òun tí òun ti ń jẹ ẹ́ kí òun tó hu eyín. Bàbá Mufu ní kó dákẹ́, pé Risi fúnra rẹ̀ ti di ààbọ̀ atíẹ̀kẹ́, kò lè ṣe ẹlẹ́rìí.

Wọ́n wá pè yín lórí fóònù. Ẹ rántí, Màmá. Ẹ ní jẹdíjẹdí ni. Ẹ ní kí n mu nínú ìgò àgbo tí ẹ fi rán awakọ̀ sí mi, èyí tó la Kútọnu àti Lómé àti Àkírà kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi, tí kò sì sí aṣọ́bodè kan tó láyà láti ṣí i wò. Bàbá Mufu gbè yín lẹ́yìn. Wọ́n ní kí n fọ inú, kí ilẹ̀ àjèjì jáde lára mi. Mo mu ún. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín èmi àti ilé ìyàgbẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì ni.

Nígbà tó fi di Ẹtì, ìrora náà ti kó kúrò ní ìdodo. Ó lọ gba yàrá ní apá ọ̀tún, nísàlẹ̀ ikùn, ó sì jọ pé ó san owó ọdún kan sílẹ̀. Ibà dé. Mo bì. Tí mo bá húkọ́, tí mo bá gbé ẹsẹ̀ kan, yóò gún mi bí ẹni pé wọ́n fi ìṣó kàn án mọ́lẹ̀. N kò lè na ara tán. Mò ń rìn bí ẹni tó ń wá owó tó já bọ́. Àgbàlá ní atíẹ̀kẹ́ ọ̀hún ló ń janpata, kí n fi kún oògùn.

Ní gbogbo àsìkò yìí, ọ̀rọ̀ ti jáde sí títì. Wọ́n ní atíẹ̀kẹ́ Tántì Àjúà ti fẹ́ pa ọmọ Ànàgó kan. Àwọn oníbàárà ń gba iwájú rẹ̀ kọjá, wọ́n ń kí i tìfẹ́tìfẹ́, wọ́n sì ń lọ rà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tó mú gbogbo àgbàlá yọ̀: ìrora náà ṣàdédé rọlẹ̀. Bàbá Mufu dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀. Wọ́n ní kí n rọra sùn. Mo ti ń múra oorun ná, ara mi gbóná bí áyọ́ọ̀nù, nígbà tí Tántì Àjúà wọlé láìkan ilẹ̀kùn, ìborùn rẹ̀ lórí, àpamọ́wọ́ rẹ̀ lábẹ́ apá.

Kò bi mí pé ṣé ara ti yá. Ó ní kí n dìde. Ó ní oúnjẹ tí ìyá òun àti ìyá ìyá òun fi tọ́ ọmọ, kò sí Ànàgó tó máa fi ìgbẹ́ gbuuru bà á jẹ́ fún òun. Ó ní a ń lọ sọ́dọ̀ dókítà, dókítà yóò sì sọ ọ́ lójú gbogbo ayé pé ọwọ́ òun mọ́. Bàbá Mufu ní ara mi ti yá. Tántì ní kí wọ́n wo ojú mi dáadáa, pé ẹni tí ara rẹ̀ yá kì í ní àwọ̀ ẹja tó ti sùn lórí àtẹ. Bàbá Mufu ní bó bá ṣe pé ẹjọ́ ni, olùpẹ̀jọ́ náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwa mẹ́ta ṣe wọ takisí kan, olùpẹ̀jọ́ lápá ọ̀tún, olùjẹ́jọ́ lápá òsì, èmi tí mo jẹ́ ẹ̀rí láàárín. Wọ́n bú ara wọn dé ọsibítù. Tí takisí bá wọ kòtò, mo máa ń ké, àwọn méjèèjì á sì dá ìjà dúró láti sọ fún mi pé yákò, èyí tí í ṣe pẹ̀lẹ́ wọn níbí, kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọbìnrin ni dókítà, ohùn rẹ̀ kò ròkè. Bàbá Mufu ti ka ìdájọ́ fún un tán kó tó jókòó. Ó gbọ́ wọn tán, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó wá kọjú sí mi, ó bi mí ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi mí láti Ọjọ́bọ̀: ibo ló ti bẹ̀rẹ̀, ibo ló wà báyìí? Ṣé mo bì? Ìgbà wo ni mo yàgbẹ́ kẹ́yìn, àwọ̀ wo ló ní? Kí ni mo ti lò? Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ ìgò yín, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé apá ọ̀tún mi, ó tẹ̀ ẹ́ wọlé díẹ̀díẹ̀. Mo fara dà á. Ó wá gbé ọwọ́ kúrò lójijì. Màmá, orúkọ yín ni mo pè.

Ìgbà yẹn ni àlùmọ́gàjí dé.

Apẹ́ńdíìsì ni. Dókítà ṣàlàyé pé ẹ̀ka ìfun kékeré kan ni, ó so mọ́ ìfun ńlá bí ìrù. Tí nǹkan bá dí i lẹ́nu, yóò wú, yóò sì kẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ló máa ń rìn nígbà púpọ̀: ìdodo ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà yóò sọ̀ kalẹ̀ sí apá ọ̀tún, oúnjẹ kò ní wuni, èébì àti ibà yóò tẹ̀ lé e. Ó ní ẹni tó bá ń ṣe báyìí kò gbọdọ̀ mu oògùn tó ń fọ inú, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n fún ikùn rẹ̀, nítorí ohun tó wú lè bẹ́. Ní ti ìrora tó le, tó wá ṣàdédé dákẹ́ láìsí ìtọ́jú, ó ní kí a má jó sí i. Nígbà mìíràn, ó ti bẹ́ náà nìyẹn. Tèmi ti bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ó ní bí a bá ti sùn tì í di ọjọ́ kejì ni, òun kò mọ ohun tí òun ìbá sọ fún ìyá mi.

Tántì Àjúà gbọ́ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù. Ó wá bèèrè pé ṣé atíẹ̀kẹ́ ló fà á. Dókítà ní rárá. Tántì ní kó jọ̀wọ́ tún un sọ, kó kọjú sí bàbá yìí. Dókítà tún un sọ. Bàbá Mufu bèèrè pé ẹja tó wà lórí rẹ̀ ńkọ́? Dókítà ní rárá. Ata? Rárá. Bàbá Mufu bọ́ fìlà. Wọ́n ti gbé mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, n kò rí ohun tí wọ́n fi fìlà náà ṣe.

Nígbà tí mo jí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo ènìyàn ń bá mi sọ. Láàárọ̀, nọ́ọ̀sì á wọlé, á bi mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ṣé mo ti só. Lọ́sàn-án, á tún wá bi mí. Ó ní ìyẹn ni a ó fi mọ̀ pé ìfun ti jí lójú oorun. Màmá, mo ní HND, ẹnikẹ́ni kò bi mí nípa rẹ̀ rí báyìí. Bàbá Mufu ń pe fóònù láti béèrè. Tántì Àjúà wá dúró tì mí bí ẹni tó ń retí ọkọ̀. Nígbà tó dé níkẹyìn, ọkùnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì bọ̀ mí lọ́wọ́. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo ti ṣe láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, òun ni wọ́n yìn mí fún jù.

Ọjọ́ tí mo kúrò ní ọsibítù, Bàbá Mufu ra atíẹ̀kẹ́ Tántì fún gbogbo àgbàlá, wọ́n jókòó ní ẹnu ọ̀nà níbi tí àwọn ará títì ti lè rí wọn, wọ́n sì ní kí ó fi ata sí tàwọn dáadáa. N kò tíì gbọ́ ẹ̀bẹ̀ tó ga tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn. Èmi lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Tántì. Ó ní kí n má dúpẹ́, pé ọjà òun ni òun wá gbà. Síbẹ̀ ó ń gbé omi ẹja wá fún mi láràárọ̀ títí mo fi padà síṣẹ́, ó sì ń bá mi wí tí n kò bá mu ún tán, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yin ìbá ti ṣe.

Màmá, ọ̀rọ̀ yín ló kù. Nígbà tí mo padà lọ kí dókítà wo ojú ọgbẹ́, mo fi ti ara mi sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ro tiyín fún un. Ó kọ́kọ́ ní òun kò lè wo ẹni tí òun kò rí. Ó ní inú rírun pọ̀ ju ohun tí a ń pè é lọ. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan, àjẹjù ni, tàbí oúnjẹ tó ti bàjẹ́, tàbí nǹkan oṣù àwọn obìnrin, yóò sì lọ láàárín ọjọ́ kan sí méjì pẹ̀lú omi àti ìsinmi. Ó ní èyí tó ń pẹ́, tó ń lọ tó ń bọ̀, tó sì ń bá ẹran ara èèyàn lọ, kì í ṣe afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ kì í sọ èèyàn di tín-ínrín. Ó lè jẹ́ ọgbẹ́ inú. Ó lè jẹ́ òkúta nínú àpò òróòro. Lára ẹni tó ti dàgbà, àìsàn ọkàn pàápàá lè máa dunni bí ẹni pé inú ló ń runni.

Ó wá bi mí pé oògùn wo lẹ ń lò. Mo ní oògùn orúnkún tí ẹ máa ń rà ní kẹ́míìsì, èyí tí ẹ ń gbé mì láàárọ̀ kí ẹ tó jẹ ohunkóhun. Ó fi bíírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè dá ọgbẹ́ sínú ikùn, pàápàá tí kò bá sí oúnjẹ nínú rẹ̀. Kí ẹ má gbé òmíràn mì títí dókítà yóò fi rí yín. Ó ní kí ẹ lọ lọ́sẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n tí ìgbẹ́ yín bá dúdú bí ọ̀dà, tí ẹ bá bi ẹ̀jẹ̀ tàbí ohun tó rí bí kọfí, tí funfun ẹyinjú yín bá pọ́n bí ìyeyè, tí ikùn yín bá le bí pátákó, tí ẹ kò bá lè yàgbẹ́ tí ẹ kò sì lè só, tàbí tí ìrora náà bá gun apá àti àgbọ̀n pẹ̀lú òógùn, ó ní kí ẹ má dúró de ọ̀la, kí ẹ má dúró de Àǹtí Bọ́lá, kí ẹ gun ọ̀kadà ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá.

Owó àyẹ̀wò ti wà lọ́wọ́ Àǹtí Bọ́lá. Kì í ṣe owó tọ̀màtì. N kò ní ẹnìkan lọ́hùn-ún tí mo lè rán wọ inú yàrá yín pẹ̀lú ìborùn lórí àti àpamọ́wọ́ lábẹ́ apá, kó ní kí ẹ dìde. Ìdí nìyẹn tí mo fi rán gbogbo àdúgbò.

Ọlọ́run tó fi obìnrin tí inú ń bí gbà mí là yóò fi ara líle kẹ́ yín. Oúnjẹ yín kò ní di ọ̀tá yín. Ẹ̀yin àti Bàbá yóò jọ máa jà lórí rédíò pẹ́. Ẹ bá mi kí Ìyá Àlùfáà, ẹ bá mi kí àwọn aránṣọ ẹ̀yìnkùlé, ẹ bá mi kí gbogbo ẹni tó béèrè mi àti ẹni tí kò béèrè.

Èmi ni ọmọ yín tí apẹ́ńdíìsì rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ,
Gbàdébọ̀.

ÌKÉDE PÀTÀKÌ

A fi àsìkò yìí sọ fún gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn pé lẹ́yìn tí a kọ lẹ́tà òkè yìí tán, ìròyìn dé láti ẹnu Àǹtí Bọ́lá pé Màmá ti dá lọ sí ọsibítù ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Dókítà ibẹ̀ ti fi ẹ̀rọ wo inú Màmá, ọgbẹ́ ló bá níbẹ̀. Ó ti fún Màmá ní oògùn rẹ̀, ó sì ti gba oògùn orúnkún lọ́wọ́ wọn. Àwo Màmá ti ń mọ́ lẹ́yìn oúnjẹ. Nígbà tí a béèrè ohun tó mú Màmá lọ, wọ́n ní inú ń run àwọn ni.

Nítorí náà, lẹ́tà yìí kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe mọ́. Màmá ti pàṣẹ pé kí a fà á padà, nítorí àwọn kò bí ọmọ kí ó lè máa gbé inú àwọn káàkiri ìta. Ẹnikẹ́ni tó bá ti kà á dé ìhín, kí ó ṣe bí ẹni tí kò kà á.

Ẹni tí inú ń run nìkan ni a yọ̀ǹda fún láti rántí.